Mọ̀nàmọ́ná Lórí Àwo: Àwọn Àwo Orin Ìbẹ̀rẹ̀ Monomono àti BLO nínú Ìtàn Orin Yorùbá, 1972 sí 1975

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń to orin Yorùbá ti ọ̀rúndún ogún ní ẹsẹẹsẹ, orúkọ kan náà ni wọ́n sábà máa ń pè: sákárà, àpàlà, wákà, háíláìfù, jùjú, fújì, kí wọ́n tó wá fi Afrobeat ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì dé e ládé. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí wọn kò kéré. Ìwé Christopher Waterman lórí jùjú (1990), ìwé Michael Veal lórí Fẹlá (2000) àti ìwé Bode Omojola lórí orin Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún (2012) wà lára èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ orin wa kò gbọdọ̀ fò dá. Síbẹ̀, àlàfo kan wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí. Láàárín ọdún mẹ́fà péré tí ó tẹ̀ lé òpin ogun abẹ́lé, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó gbé gìtá oníná, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ṣe àwo orin tí kì í ṣe jùjú, tí kì í ṣe háíláìfù, tí kì í sì í ṣe Afrobeat. Àwọn tí ó ń kó àwo orin jọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni ó wá ń sọ ìtàn wọn fún wa báyìí, wọ́n sì ń pè é ní orin psychedelic ti Áfíríkà.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún kò ju èyí lọ: àwọn àwo orin ìbẹ̀rẹ̀ ti ẹgbẹ́ Monomono àti ẹgbẹ́ BLO ní ìjókòó nínú ìtàn orin Yorùbá, àti nínú ìtàn èdè Yorùbá pàápàá, kì í sì í ṣe ìjókòó àlejò. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ó wà lára páálí àwo, ó sì wà nínú ohùn gìtá.

Ọ̀rọ̀ náà psychedelic yẹ kí a kọ́kọ́ tú palẹ̀. Ní California àti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti di orúkọ orin láàárín 1965 sí 1967, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ń wá ohun tí yóò ṣí ojú inú wọn sí ayé mìíràn, tí oògùn olóró sì jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n gbà wá a. Ní ti orin fúnra rẹ̀, àmì mẹ́ta ni etí fi ń dá a mọ̀: ohùn gìtá tí a fi ẹ̀rọ sọ di híha tàbí títẹ̀, orin gígùn tí kò kánjú parí, àti àkójọ ohùn tí ó ń yí ká bí ẹni pé iyàrá tí a ti ń gbọ́ ọ ń fẹ̀ sí i. Kò sí èyí tí ó pọn dandan kí a mu oògùn fún nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí irú orin yìí dé Èkó, àwọn olórin mú àmì wọ̀nyí, wọ́n sì fi ìtumọ̀ mìíràn sí wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ gùn. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní Èkó, tí Clusters jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ń fi orin àwọn Beatles àti orin sọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára yá. Àdàkọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Orlando Julius ni ó kọ́kọ́ fi hàn kedere pé sọ́ọ̀lù lè fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ yìí. Àwo rẹ̀ Super Afro Soul jáde ní 1966, ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Joni Haastrup sì wà lára àwọn tí ó kọrin nínú rẹ̀. Inú agbo ilé ọba Haastrup ní Iléṣà ni Joni ti dàgbà. Lẹ́yìn náà ni Geraldo Pino dé láti Sierra Leone pẹ̀lú ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ tí ó ju ti gbogbo ẹgbẹ́ Èkó lọ, tí ó sì kó ìdààmú bá Fẹlá fúnra rẹ̀. Ogun parí ní oṣù kìíní 1970. Nígbà tí ọdún náà yóò fi tán, James Brown ti wá ṣeré ní Nàìjíríà. Etí àwọn ọ̀dọ́ ti là.

Ẹni tí ó tún wọ ìtàn náà ni Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sahara kọjá ní 1971 wá sí Nàìjíríà. Àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọkọ̀ náà ni ó gbé orin rọ́ọ̀kì wá fún Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó dé ni Berkley Jones tí ń ta gìtá, Láolú Akins tí ń lu ìlù, àti Mike Ọdúmosù tí ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀ ti jọ wà nínú Clusters. Kí ó tó dé náà ni Afrocollection, níbi tí Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu ti ń kọrin pẹ̀lú díẹ̀ nínú wọn, ti ń wá ọ̀nà láti fi gìtá rọ́ọ̀kì bá ìlù ilẹ̀ wa rìn, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí Fẹlá ń ṣe ní Afro Spot. Ohun tí Baker mú wá ni ìwé ìrìnnà àti ìsopọ̀ pẹ̀lú òkè òkun. Ó kó àwọn kan nínú wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí ó pè ní Salt, wọ́n jọ rìnrìn àjò ní 1972, ẹgbẹ́ náà kò sì tọ́jọ́. Joni Haastrup ní tirẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ Airforce ti Baker ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nídìí dùùrù. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí padà sílé, wọ́n ti rí i pé àwọn tí àwọn ń fara wé náà ń wá ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn.

Nínú ìpadàbọ̀ yìí ni a ti bí ẹgbẹ́ méjèèjì. Haastrup kó Baba Ken Okulolo, Jimi Adams, Candido Ọbájímì àti Friday Jumbo jọ, ó sì sọ ẹgbẹ́ náà ní Monomono. Jones, Akins àti Ọdúmosù fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ṣe BLO ní ìparí 1972.

Orúkọ Monomono tó ohun tí a lè dúró lé lórí. Mọ̀nọ̀mọ́nọ́, mọ̀nàmọ́ná tàbí mànàmáná, bí ẹ̀ka èdè bá ṣe pè é, ni ohun tí ń kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run kí àrá tó sán. Ọ̀rọ̀ Ṣàngó ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Yorùbá mú nígbà tí ó di dandan láti wá orúkọ fún iná tí ń gba inú wáyà: iná mọ̀nàmọ́ná. Ní oṣù kẹrin 1972 ni ìjọba dá àjọ NEPA sílẹ̀, kò sì sí ilé kan ní Èkó tí kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa iná náà láti ìgbà yẹn. Ẹgbẹ́ olórin tí ó ń lo gìtá oníná, dùùrù oníná àti ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀, tí ó wá pe ara rẹ̀ ní Mọ̀nàmọ́ná, ti sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agbára Ṣàngó àti agbára wáyà di ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀. Òyìnbó tí ó bá ka orúkọ yìí lára páálí kò ní rí ju ariwo tí ó dùn ún pè lọ. Yorùbá tí ó bá kà á ti wọ inú orin kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo.

Àwo Give the Beggar a Chance, tí EMI gbé jáde ní nǹkan bí 1972, ni àkọ́kọ́ nínú àwo ńlá méjì tí Monomono ṣe. Orúkọ orin méjì wà lára rẹ̀ tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè dá dúró wò. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n ni a tẹ̀ wọ́n síbí: Eje Ka Mura Sise àti Ema Kowa Lasa Ile Wa. Lára àwo kejì, The Dawn of Awareness (1974), ni Ipade Aladun àti Tire Loma Da Nigbehin wà.

Kò sí àmì ohùn. Kò sí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Wọ́n so ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó dá dúró pọ̀. A lè rẹ́rìn-ín sí i, kí a sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí àkókò tí ó jẹ́. Ìwé Ayọ̀ Bamgboṣe lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965. Àkọtọ́ tí à ń lò lónìí kò sì gba òǹtẹ̀ ìjọba títí di 1974, ọdún kan náà tí àwo Monomono kejì jáde. Ọ̀rọ̀ náà nigbehin, pẹ̀lú lẹ́tà h láàárín rẹ̀, jẹ́ àkọtọ́ Bíbélì àti ti ìwé orin ìjọ. Ìyẹn ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí irun wọn ga, tí ṣòkòtò wọn fẹ̀ nísàlẹ̀, tí wọ́n ń fi gìtá dún bí àrá, ń kọ èdè wọn bí àwọn bàbá ìjọ ṣe kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Fún ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí lórí bí àkọtọ́ ṣe ń rìn láàárín gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn odi yunifásítì, páálí àwo orin àwọn ọdún 1970 jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ tí a kò tíì ṣí.

Ó tún ju ìyẹn lọ. Ema Kowa Lasa Ile Wa jẹ́ oríta. Bí a bá kà á sí «Ẹ máa kọ́ wa láṣà ilẹ̀ wa», ẹ̀bẹ̀ sí àwọn àgbà ni. Bí a bá kà á sí «Ẹ má kọ́ wa láṣà ilẹ̀ wa», ìfàgídí ọmọ tí ó gbà pé òun ti mọ̀ ni. Fáwẹ́lì kan péré ni ó wà láàárín méjèèjì: gígùn máa àti kíkúrú má. Olóòtú tí ó tẹ páálí náà kò yàn fún òǹkàwé. Ẹnu akọrin ni ó yàn, etí olùgbọ́ ni ó sì ń gba á. Bákan náà ni Tire Loma Da Nigbehin ṣe lè jẹ́ àdúrà, pé tìrẹ ni yóò dáa nígbẹ̀yìn, kí ó sì tún lè jẹ́ ìlérí, pé tìrẹ ni yóò dà. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi sínú àwo àtúntẹ̀ kì í sáábà dá ọ̀rọ̀ báyìí sí, kò sì yẹ kí a retí i lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tiwa ni.

Eje Ka Mura Sise kò ní ìṣòro kíkà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó lórí àga ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ibi tí ìró ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá; ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ń kà sórí láti inú Aláwìíyé, kò jìnnà sí i. Ó yẹ kí ó yani lẹ́nu pé orin tí àwọn ẹlòmíràn pè ní orin àwọn tí ó fẹ́ sá fún ayé ń pe ènìyàn síbi iṣẹ́. Ní San Francisco, ẹgbẹ́ tí ó bá ń ta irú gìtá yìí ní 1967 ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ní Èkó, ọdún méjì lẹ́yìn ogun, ìwàásù ìwà ọmọlúàbí ni gìtá náà ń gbè lẹ́sẹ̀. Orúkọ àwo náà fúnra rẹ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún alágbe, kò kúrò nínú ìwàásù yìí. Ìtumọ̀ tuntun tí a ní wọ́n fún psychedelic nìyí.

BLO kò wàásù tó bẹ́ẹ̀. Chapter One, tí EMI gbé jáde ní 1973, jẹ́ iṣẹ́ ohùn ju iṣẹ́ ọ̀rọ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni àkọlé gbogbo orin inú rẹ̀: Preacher Man, Time to Face the Sun, Chant to Mother Earth àti àwọn yòókù. Níbí ni atakò tí ó lágbára jù lọ ti máa ń wá. Kí ni ti Yorùbá nínú àwo tí a kò ti gbọ́ Yorùbá?

Ìdáhùn wà nínú ohun tí etí Yorùbá kà sí ohùn dídùn. Ẹ wo ìyá ìlù dùndún. Ayàn kò fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó fi ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀pá bá ti kan awọ, ìró kan tí ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ yóò bá ohùn ìlù jáde. Ẹ wo gòjé inú sákárà: ohùn rẹ̀ kò mọ́ rárá, ó ń ha ni, híha yẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà, ìró tí ó fọ́ sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún ni. Orin wa kò fẹ́ràn ohùn tí ó dá wà ní mímọ́ gaara bí omi inú ife. Ó fẹ́ kí nǹkan kan bá a rìn.

Wàyí o, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn olùta gìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní fuzz, kò ṣe ju èyí lọ: ó ń gé orí ìgbì ohùn gìtá kúrò, tí ohùn náà fi ń jáde ní híha, pẹ̀lú ìró wẹ́wẹ́ tí kò sí nínú okùn gìtá tẹ́lẹ̀. Fún àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ lò ó, ìbàjẹ́ ohùn ni, ìbàjẹ́ yẹn sì ni ó fà wọ́n mọ́ra. Fún ọmọ tí ó ti gbọ́ gòjé àti ṣaworo kí ó tó gbọ́ gìtá, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ohùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni. A kò sọ pé Berkley Jones jókòó, ó sì ro ìrònú yìí kí ó tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀; àwọn ẹgbẹ́ òyìnbó bíi Cream àti Grand Funk Railroad wà lára ohun tí ó kọ́ ọ, kò sì sí ìdí láti fi í pamọ́. Ohun tí a ń sọ ni ìdí tí ohùn náà fi rí ilé gbé lọ́dọ̀ àwọn olùgbọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ kejì, wah-wah, tún sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀, ó ń ṣí ohùn gìtá, ó ń pa á dé, bí ẹnu tí ń lọ láti u sí a. Dùndún lè sọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pe fáwẹ́lì. Ìdí nìyí tí olùgbọ́ fi ní láti mọ oríkì tẹ́lẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Gìtá tí ó ní wah-wah ń pe ohun tí ó jọ fáwẹ́lì, kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi í sọ. Bí ẹni tí ń sọ èdè tí ó kù díẹ̀ kí a gbọ́ ni ó ṣe ń dún. Láàárín àwọn tí èdè wọn ń gbé orí ìró ohùn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré lásán.

Chant to Mother Earth ni ó fi èyí hàn jù lọ nínú Chapter One. Ó lọ́ra, ó ń yí lójú kan, àwọn ohùn ń gbè ara wọn bí ègbè ìbílẹ̀, kò sì kánjú lọ síbì kankan. Aláwo orin òyìnbó tí ó bá gbọ́ ọ yóò ní psychedelic pátápátá nìyí. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní òde ijó láti alẹ́ títí di ìdájí mọ ìrìn yẹn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígùn orin yìí tún kan àwo fúnra rẹ̀. Àwo kékeré tí ń yí ní ìlọ́po márùndínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Àwo ńlá a máa gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan. Ní àkókò kan náà tí àwọn rọ́ọ̀kì Èkó ń lo àyè yìí láti fa gìtá gùn ni Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń lò ó láti so orin mọ́ orin, tí ojú àwo kan fi ń jẹ́ eré kan ṣoṣo láìdánu dúró. Olùgbọ́ jùjú àti olùgbọ́ BLO lè má jọ jókòó ní ilé ọtí kan náà, ṣùgbọ́n sùúrù kan náà ni etí wọn ní. Ó jọ pé àwọn onímọ̀ tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ wo aṣọ ju ẹsẹ̀ ijó lọ.

Ibi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ EMI ní ojúlé rẹ̀ ní Apapa. Ní oṣù kìíní 1973 ni Baker ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n mọ̀ sí Batakota tàbí ARC, ní Ìkẹjà, lórí ilẹ̀ Àwórì tí ó nà láti Ọ̀tà dé etí ọ̀sà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles àná kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Apapa láti wá ṣe Band on the Run, tí Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà gbé ni. Ìtàn yìí ni gbogbo ayé mọ̀ nípa Apapa ní 1973. Wọ́n sọ fún wa pé ohun èlò ibẹ̀ kò dára tó, pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò mọ̀ tó, pé olè jà wọ́n lójú pópó. Ohun tí ìtàn náà kì í sọ ni pé lábẹ́ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ yìí kan náà, ní ọdún kan náà, ni Chapter One jáde, tí Try and Love ti àwọn Ofege náà sì jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama St. Gregory's ni àwọn Ofege. Odion Iruoje ni ó darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn. Ohun èlò tí a ní kò tó fún Beatle kan tó fún àwọn ọmọ ilé ìwé láti ṣe àwo tí wọ́n ṣì ń wá káàkiri àgbáyé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Ó yẹ kí a má sọ àsọdùn nípa jíjẹ́ Yorùbá àwọn àwo wọ̀nyí o. Baba Ken Okulolo, tí gìtá ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òpó tí Monomono fara tì, jẹ́ ọmọ Urhobo. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin wà nínú àwo wọn bí Yorùbá ṣe wà níbẹ̀. Water Pass Gari, orin wọn kan, kò lè jẹ́ ti èdè mìíràn. Ìlà Oòrùn náà ní àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀, bíi Hykkers, Funkees àti Wings, ohun tí wọ́n sì ṣe kò kéré sí ti Èkó. Èkó ni ìlú tí gbogbo rẹ̀ ti pàdé, àdàlù ni ìlú náà. Ṣùgbọ́n jùjú náà, àdàlù ni: gìtá òyìnbó, ṣámbà, orin ìjọ Aladura, dùùrù ọwọ́. Kò sí ẹni tí ó lé jùjú jáde kúrò nínú orin Yorùbá nítorí pé gìtá rẹ̀ ti òkè òkun wá. Bí ó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀ṣẹ̀ BLO, pijin Fẹlá ńkọ́?

Nínú àwo méjì ti Monomono, èkejì ni ó dára jù. Ìkejì yìí ti kúrò nínú ìdánwò. Dùùrù Haastrup ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, ìlù ọwọ́ sì ti wọ àárín orin dípò kí ó dúró sí etí rẹ̀. BLO ní tiwọn kúrò ní EMI lọ sí Afrodisia, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Decca, wọ́n sì gbé Phase II àti Step Three jáde, méjèèjì ní 1975. Ní Phase II ni àkọlé Yorùbá ti yọjú: Atide, a ti dé. Kò sí eléré ilẹ̀ yìí, láti orí eégún alárìnjó dé orí olórin jùjú, tí kò mọ̀ pé ìkéde dídé jẹ́ ara eré. Ó ṣeni ní kàyéfì pé àwo kejì ni wọ́n tó kéde. Native Doctor, tí ó wà nínú àwo yìí kan náà, ṣì ní ẹ̀jẹ̀ lára. Step Three tẹ̀ sí fọ́ǹkì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ pàdánù híha tí a ti ń sọ bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dísíkò dé. Ẹgbẹ́ náà kò tú títí di 1982, ṣùgbọ́n orin ìgbà náà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kò sí ìdí kan ṣoṣo tí ìgbà yìí fi kọjá kíákíá. Ọdúmosù lọ bá ẹgbẹ́ Osibisa ní Lọ́ńdọ̀nù. Haastrup àti Okulolo gba California lọ níkẹyìn. Owó epo àti owó Udoji ti 1974 sí 1975 kò lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ń ṣeré fún akẹ́kọ̀ọ́; ó lọ sí òde àríyá, níbi tí ẹni tí ó ní owó ti fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ àti oríkì bàbá rẹ̀ lẹ́nu olórin. Orin Monomono kò ní àyè fún oríkì olówó, nítorí alágbe ni wọ́n ń kọrin fún. Jùjú ní àyè náà, fújì sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àyè tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìbejì Lijadu nìkan ni wọ́n rí ọ̀nà àárín: Danger (1976), Mother Africa (1977), Sunshine (1978) àti Horizon Unlimited (1979) fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́ mọ́ra lórí gìtá tí kò sọ iná rẹ̀ nù, Biddy Wright sì wà lára àwọn tí ó bá wọn ṣe é. Iṣẹ́ àwọn obìnrin méjì yìí tó àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Ní 2001 ni ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó àwọn orin BLO jọ sínú àwo kan, ọdún kan náà tí ó gbé àkójọ Nigeria 70 jáde. Soundway tẹ̀ lé e ní 2008 pẹ̀lú Nigeria Rock Special. Láti ìgbà náà ni iye owó ògbólógbòó àwo EMI àti Afrodisia ti fò sókè, tí àwọn oníṣòwò sì ń ti ìlú dé ìlú wá wọn lọ́wọ́ àwọn tí ó fi wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ọpẹ́ ni fún àwọn tí ó ṣe àtúntẹ̀. Láìsí wọn, à bá má gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yan orin ni ó ń yan ìtàn. Àwọn àkójọ wọ̀nyí fẹ́ràn orin tí fuzz rẹ̀ le jù lọ, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já geere, nítorí pé etí ọjà wọn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá kọ́ ìtàn yìí láti inú wọn nìkan yóò gbà pé àwọn bàbá òun fẹ́ dà bí Cream, wọn kò sì dé ibẹ̀. Ipade Aladun yóò ṣòro fún un láti rí. Àpò àwo ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, tí ó ní àkọtọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ lé lórí, ń di ohun ìní àwọn aládàáni ní òkè òkun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é sì ń lọ. Kẹ́hìndé Lijadu kú ní 2019.

Láolú Akins kò kúrò nídìí iṣẹ́. Ó fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó wọ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó di ẹni tí ń darí bí àwo àwọn ẹlòmíràn ṣe ń dún. Òun ni ó wà nídìí Ace, àwo Ṣínà Peters tí ó jáde ní 1989, tí ó sọ jùjú di nǹkan mìíràn lóru ọjọ́ kan: ìlù tí ó yára, tí ó sún mọ́ etí, tí ó ń lu àyà ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ní àríyá gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1990, láti Ìbàdàn dé Ọ̀tà, wọ́n ń jó sí i, wọ́n sì ń náwó sí i. Ó ṣòro láti rí ẹnì kan nínú wọn tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí onílù Chapter One wọlé sí.